Bí A Ṣe Ń Ka Ìṣirò Ajubọ́ọ̀lù Japan Kó Tó Dé Amẹ́ríkà

Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ERA ni iye ráànù, ìyẹn àmì ayò, tó ń wọlé lọ́rùn ajubọ́ọ̀lù; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Ní sáà ọdún 2006, ERA Daisuke Matsuzaka ní Seibu Lions ti Japan jẹ́ 2.13. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ERA Hiroki Kuroda ní Hiroshima Carp jẹ́ 3.56. Boston Red Sox san 51,111,111 dọ́là fún Seibu kí wọ́n tó lè bá Matsuzaka jókòó sọ̀rọ̀ owó tirẹ̀ rárá. Kuroda wọ Los Angeles Dodgers láìsí ariwo tó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kálukú wọn fi máa parí sáà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ERA Matsuzaka ti di 4.40, ti Kuroda sì jẹ́ 3.73. Ẹni tí gbogbo ayé rò pé ó fi ráànù kan àti ààbọ̀ ju èkejì lọ ló wá gbẹ̀yìn.

Mo ń gbé nítòsí Baltimore, níbi tí Tomoyuki Sugano ti jù fún Orioles lọ́dún 2025. Òun ló jẹ́ kí n jókòó ti ìṣirò yìí tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń tọ́mọ níbí ló ti di èrò pápá bésíbọ́ọ̀lù nítorí àwọn ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ náà á máa bi wá léèrè pé, "Dádì, ẹni tuntun tó ń bọ̀ láti Japan yìí, ṣé ó dáa?" Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn. Fóònù tó lè ṣírò àti ìwé kan ti tó láti wá a.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ná. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kó fò ó. Ajubọ́ọ̀lù ló ń ju bọ́ọ̀lù, oníbáàtì ló ń gbá a. Bí oníbáàtì bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta tó padà lọ jókòó, strikeout nìyẹn. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju mẹ́rin síta ààlà, wọ́n á ní kí oníbáàtì máa rìn lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́, walk nìyẹn. Home run ni bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri. Bí wọ́n bá lé oníbáàtì kan kúrò, out kan nìyẹn. Inning ni ìpele kan nínú ìdíje, mẹ́sàn-án ló sì wà nínú ìdíje kan. ERA ni iye ráànù tó wọlé lọ́rùn ajubọ́ọ̀lù, tí kì í ṣe ẹ̀bi àṣìṣe ẹlòmíì, bí a bá pín in sí inning mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. NPB ni líìgì àgbà ti Japan, MLB sì ni ti Amẹ́ríkà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀

Inning, strikeout, walk, home run, ERA. Ẹ kọ ti ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ má fi ọdún kan ṣoṣo dájọ́. Ìdí ni pé ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ ta ajubọ́ọ̀lù nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá ń dún jù, ìyẹn lẹ́yìn ọdún tó dáa jù lọ fún un. Ọdún tó dáa jù kì í sábà padà wá, ì báà jẹ́ pé Japan náà ló dúró sí.

Ẹ má kọ iye ìdíje tó borí. Lọ́dún 2013, Masahiro Tanaka borí 24 fún Rakuten láìpàdánù ẹyọ kan. Lọ́dún 2014, ó borí 13, ó pàdánù 5 fún Yankees. Ẹni tó bá fi èyí sọ pé Tanaka bàjẹ́ ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ pátápátá: ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ajubọ́ọ̀lù ló ń fún un ní ìborí.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí inning 186.1, kì í ṣe 186 àti ìdá kan nínú mẹ́wàá. Inning kan ní out mẹ́ta, nítorí náà .1 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, .2 sì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Inning Matsuzaka tó jẹ́ 186.1 lọ́dún 2006 yóò di 186.33 lórí fóònù yín. Ó ní strikeout 200: ẹ sọ 200 di ìlọ́po 9, ẹ fi 186.33 pín in, yóò jẹ́ 9.66. Ó ní walk 34, ìyẹn yóò jẹ́ 1.64. Báyìí la ṣe ń sọ gbogbo rẹ̀ di ti inning mẹ́sàn-án, kí ẹni tó jù púpọ̀ àti ẹni tó jù díẹ̀ lè dúró sójú ìwọ̀n kan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ilé tó ti wá

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. ERA 2.50 nínú líìgì tí ráànù pọ̀ sí àti ERA 2.50 nínú líìgì tí ráànù ṣọ̀wọ́n sí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ní 2023, ìpíndọ́gba ERA gbogbo ajubọ́ọ̀lù MLB jẹ́ 4.33, ní 2024 ó jẹ́ 4.08. Ti Japan láwọn ọdún yẹn fi bíi ráànù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí i. Nítorí náà, kí ajubọ́ọ̀lù tó gbéra kúrò nílé rárá, ráànù kan ti ń dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ọdún náà ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2011, NPB ní kí gbogbo ẹgbẹ́ máa lo irú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Mizuno, bọ́ọ̀lù náà kò sì fò. Home run já wálẹ̀, ERA gbogbo èèyàn sì já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó di 2013, àṣírí tú pé wọ́n ti yí bọ́ọ̀lù náà padà kó lè máa fò díẹ̀ sí i, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kọmíṣọ́nnà líìgì sì fipò sílẹ̀. ERA 1.44 tí Yu Darvish ní lọ́dún 2011 dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún bọ́ọ̀lù òkú ni. Ohun tó jẹ́ kí n gba Darvish gbọ́ ni pé ọdún mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ náà, 2007 sí 2010, kò sí ìkankan tí ERA rẹ̀ dé 2.00.

Líìgì méjì ló wà nínú NPB. Láti 1975 ni Pacific League ti ń lo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù dípò ajubọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ní Central League, ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ń di báàtì mú. Ẹni tó ti Central wá ti jẹ nínú oúnjẹ ọ̀fẹ́: oníbáàtì kan nínú mẹ́sàn-án kò mọ̀ ọ́n gbá. MLB kò ní irú ẹ̀ mọ́ láti 2022. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ti Central wá, mo máa ń fi bíi 0.2 kún ERA rẹ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ojú ni mo fi wọn ìyẹn, ẹ lè fi tiyín wọn ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo àwọn tó ti lọ ṣáájú

Mo mú ajubọ́ọ̀lù mọ́kànlá. Mo fi ọdún tí kálukú lò kẹ́yìn ní Japan dojú kọ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní MLB. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni ti Japan, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Amẹ́ríkà. Strikeout àti walk jẹ́ ti inning mẹ́sàn-án.

Matsuzaka, 2006/2007: ERA 2.13, 4.40, strikeout 9.66, 8.84, walk 1.64, 3.52
Igawa, 2006/2007: ERA 2.97, 6.25, strikeout 8.35, 7.05, walk 2.11, 4.92
Kuroda, 2007/2008: ERA 3.56, 3.73, strikeout 6.16, 5.69, walk 2.10, 2.06
Darvish, 2011/2012: ERA 1.44, 3.90; strikeout 10.71, 10.40, walk 1.40, 4.19
Tanaka, 2013/2014: ERA 1.27, 2.77, strikeout 7.77, 9.31, walk 1.36, 1.39
Maeda, 2015/2016: ERA 2.09, 3.48, strikeout 7.63, 9.17, walk 1.79, 2.56
Kikuchi, 2018/2019: ERA 3.08, 5.46, strikeout 8.41, 6.46, walk 2.47, 2.78
Senga, 2022/2023: ERA 1.94, 2.98, strikeout 9.75, 10.93, walk 3.06, 4.17
Yamamoto, 2023/2024: ERA 1.21, 3.00, strikeout 9.27, 10.50; walk 1.54, 2.20
Imanaga, 2023/2024: ERA 2.80, 2.91, strikeout 10.58, 9.03, walk 1.46, 1.45
Sugano, 2024/2025: ERA 1.67, 4.64, strikeout 6.38, 6.08, walk 0.92, 2.06

Ẹ pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ẹ ó rí ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é. ERA fi 1.76 ga sí i. Walk gbéra láti 1.80 lọ sí 2.85. Ṣùgbọ́n strikeout? Láti 8.61 sí 8.50. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira rárá! Gbogbo àwọn tó ń sọ pé oníbáàtì Amẹ́ríkà yóò jẹ ajubọ́ọ̀lù Japan run, strikeout kò bá wọn jẹ́rìí. Ibòmíràn ni ìyà náà ti ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi walk kan àti ìdajì home run kún un

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ fi strikeout rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ fi walk kan kún ti inning mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ẹ wo home run.

Lọ́dún 2013, home run 6 péré ni Tanaka gbà nínú inning 212. Lọ́dún 2014, ó gba 15 nínú inning 136.1. Nígbà tó fi di 2017, ó gba 35. Yoshinobu Yamamoto gba home run 2 nínú inning 164 ní sáà rẹ̀ tó kẹ́yìn ní Orix. Méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí! Ní Dodgers ó gba 7 nínú inning 90. Yusei Kikuchi gba 36 lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Seattle, Sugano gba 33 ní Baltimore.

Mo rí ọ̀kan nínú 33 yẹn lójú ara mi. Èmi àti ọmọ mi jókòó sẹ́yìn ògiri apá òsì ní Camden Yards, pápá Orioles, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sún apá kan rẹ̀ wọlé lọ́dún yẹn. Sugano ju bọ́ọ̀lù kan tó rọra yí wọ àárín. Oníbáàtì gbá a, ó dún gbàù bí ẹ̀ka igi gbígbẹ tó ṣẹ́, bọ́ọ̀lù náà sì ga títí ó fi wọ inú ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí i mọ́. Ọmọ mi ti na ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sókè. Ìlà kẹta níwájú wa ló já sí. Àṣìṣe kékeré ni Sugano ṣe, kò ju kí bọ́ọ̀lù wálẹ̀ díẹ̀ sí i lọ. Ní Japan, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó dúró lẹ́yìn nígbà púpọ̀. Níbí, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni kẹsàn-án, gbogbo wọn lágbára láti gbá a kọjá ògiri.

Kí la ó wá fi wọn ìpalára yìí? Àwọn tó ń ṣírò bésíbọ́ọ̀lù ní òṣùwọ̀n kan tó ń jẹ́ FIP: home run kọ̀ọ̀kan gba 13, walk kọ̀ọ̀kan gba 3, strikeout kọ̀ọ̀kan yọ 2 kúrò, a ó sì fi iye inning pín in. Bí walk kan bá kún inning mẹ́sàn-án, 3 ni a ó fi 9 pín, ìyẹn 0.33. Bí ìdajì home run bá kún un, 6.5 ni a ó fi 9 pín, ìyẹn 0.72. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di 1.05. Nínú 1.76 tí ERA fi ga, ráànù kan àti díẹ̀ ti ní ìdí. Èyí tó kù wá láti ara bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá le tó la àárín àwọn tó ń ṣọ́ pápá kọjá, àti láti ara ohun tí mo sọ ṣáájú: ọdún tí ajubọ́ọ̀lù fi kúrò nílé máa ń jẹ́ ọdún orí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ló fi ń gba strikeout?

Strikeout àwọn mẹ́rin nínú mọ́kànlá ló pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà: Tanaka, Maeda, Senga, Yamamoto. Ẹ wo ọwọ́ àwọn mẹ́ta nínú wọn, Tanaka, Senga àti Yamamoto. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ìka méjì tó yà gbá mú ni ohun ìjà wọn, splitter tàbí forkball. Ó ń bọ̀ bíi fastball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù kó yára jù lọ, ó dé iwájú oníbáàtì, ó sì jábọ́ lójijì. Ti Kodai Senga ni wọ́n ń pè ní forkball iwin. Oníbáàtì Amẹ́ríkà máa ń fi gbogbo agbára gbá a kí bọ́ọ̀lù lè fò, nítorí náà bọ́ọ̀lù tó jábọ́ nísàlẹ̀ máa ń tàn án jẹ ju bó ṣe ń tan oníbáàtì Japan tó ń ṣọ́ra jẹ lọ. Bí ẹ bá rí i pé splitter ni ajubọ́ọ̀lù fi ń jẹun, ẹ lè fi strikeout díẹ̀ kún tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ìyára bọ́ọ̀lù nìkan dẹ́rù bà yín tàbí dùn mọ́ yín. Fastball Koji Uehara, tí òun náà ti Japan wá, kò tó máìlì 90 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ní 2013 ó gba strikeout 101 pẹ̀lú walk 9 péré nínú inning 74.1 fún Boston, ERA rẹ̀ sì jẹ́ 1.09.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ti Japan kéré díẹ̀, awọ rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ti MLB ń yọ̀, débi pé ẹrẹ̀ tí wọ́n ń bù ní àgbègbè odò Delaware ni wọ́n fi ń pa á kó tó wọ pápá. Ẹni tó ti fi ìka rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù kan láti ọmọdé yóò kọ́kọ́ máa wá ọ̀nà. Mo gbà pé apá kan walk tó ń pọ̀ yẹn, inú ìka ló wà.

Strikeout tó ga kì í sì í ṣe ìdánilójú. Yankees fi 26,000,194 dọ́là du Kei Igawa. 194 tó wà ní ìdí yẹn jẹ́ iye strikeout rẹ̀ ní 2006. Inning 67.2 péré ló jù lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì gba home run 15 nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka ọjọ́ ìsinmi

Ní Japan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ajubọ́ọ̀lù àgbà sábà máa ń jù. Sáà jẹ́ ìdíje 143, ọjọ́ Ajé sì máa ń dákẹ́. Ní MLB, ìdíje 162 ni, wọ́n sì máa ń retí pé kó jù lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan ní Japan lè gùn gan-an: ní ìdíje àṣekágbá 2013, Tanaka ju bọ́ọ̀lù 160 lọ́jọ́ kan, ó pàdánù, ó sì tún jáde lọ́jọ́ kejì láti parí ìdíje tó fún Rakuten ní ife. Ní oṣù keje 2014, iṣan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ya díẹ̀. Ejìká Yamamoto dá a dúró ní 2024, ìyẹn ló fi jù nínú ìdíje 18 péré. Fún ọdún àkọ́kọ́, ẹ má kọ ju inning 150 sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò lórí ẹni tí kò sí nínú mọ́kànlá

Bí a bá fi 1.76 kún 1.21 ti Yamamoto, 2.97 ló jẹ́, ó sì ṣe 3.00. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n Yamamoto wà nínú àwọn tí a fi ṣe òṣùwọ̀n, kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú Roki Sasaki. Ní Lotte lọ́dún 2024: inning 111, strikeout 129, walk 32, ERA 2.35. Òṣùwọ̀n wa ní ERA rẹ̀ yóò jẹ́ 4.11, walk 3.59, strikeout bíi 10.5. Ní Dodgers lọ́dún 2025, ERA rẹ̀ jẹ́ 4.46, ó súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n walk rẹ̀ jẹ́ 5.45, strikeout 6.94, nínú inning 36.1 péré ní gbogbo sáà, nítorí ejìká dá a dúró. A bá ERA pàdé, a kò bá ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ pé kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún, kí ẹ má fi ERA nìkan yọ̀.

Hisashi Iwakuma ní tirẹ̀, 2.42 ní Rakuten lọ́dún 2011. Òṣùwọ̀n ní 4.18, ó ṣe 3.16 ní Seattle. A fi ráànù kan jẹ ẹ́ níyà. Nítorí náà, bí ẹ bá parí ìṣirò yín, ẹ kọ ọ́ báyìí: láti ráànù kan nísàlẹ̀ dé ráànù kan lókè. Bí ọmọ bá béèrè, ẹ sọ fún un pé "láàárín 3 sí 5," kì í ṣe "4.11."

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Kuroda, nítorí ó wà lára àwọn tí òṣùwọ̀n yìí ṣì jù lọ. 3.56 pẹ̀lú 1.76 jẹ́ 5.32, bẹ́ẹ̀ 3.73 ló ṣe. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ ó rí i pé ọdún kan ṣáájú, ní 2006, ERA rẹ̀ jẹ́ 1.85. Bí ẹ bá wo ilé tó ti wá, pápá àtijọ́ Hiroshima kéré, bọ́ọ̀lù tí kì í fò níbòmíràn máa ń fò níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń rì ló sì ń jù, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá a sí. Ẹ wá wo ìlà walk rẹ̀, èyí tí kò sí ẹni tó wò ó nígbà tí wọ́n ń pariwo Matsuzaka. Matsuzaka fúnni ní walk 34 ní Seibu, ó di 80 ní Boston, lọ́dún kejì ó di 94. Kuroda fúnni ní 42 ní Hiroshima. Nígbà tó parí sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Los Angeles, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì: 42.